Bí A Ṣe Ń Fọ Irun Kíká Dénú ní Ìlọrin àti Agbègbè Rẹ̀

Irun tó ká kókó máa ń yára gbẹ ju irun tó nà lọ, nítorí pé ọ̀rá tí awọ orí ń mú jáde kì í rí ọ̀nà tó já gaara gbà dé ṣóńṣó fọ́nrán irun tó lọ́ káàkiri. Ìdí nìyí tí a fi ń fi òrí, òróró àgbọn, ìpara àti jẹ́lì ràn án lọ́wọ́, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá ń fi tuntun lé ti àtẹ̀yìnwá lórí láì kó ti àtẹ̀yìnwá kúrò. Ọ̀rá àná á di eruku òní mú, ìpara tuntun á tún bo eruku náà mọ́lẹ̀, bó bá sì fi máa pé oṣù méjì, ìdọ̀tí tó bo irun ni a ń pa lára lójoojúmọ́, kì í ṣe irun fúnra rẹ̀. Ìfọ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni èyí tó ń bó gbogbo ìyẹn kúrò. Ó yàtọ̀ sí ìfọ̀ wéréwéré tí a máa ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti ìyẹn lọ, nítorí náà ó ní ìlànà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kọ́kọ́ béèrè irú ọṣẹ tó yẹ kí wọ́n rà. Ní tèmi, omi tí a fi ń fọ irun ní ìlú wa ló yẹ ká yẹ̀ wò ṣáájú ọṣẹ.

Àmì tó fi hàn pé irun nílò ìfọ̀ yìí

Ẹ mú ìdì irun kékeré kan, kí ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i. Bí omi náà bá ń yí gbirigbiri lórí rẹ̀ bí ìgbà tó bá kán sórí ewé kókò, ó ṣeé ṣe kí ìpara ti bo irun náà. Ẹ tún lè fi èékánná họ fọ́nrán kan láti òkè wá sísàlẹ̀. Bí ohun funfun tàbí ohun tó rí bí eérú bá bá èékánná wá, ẹ̀rí ti dé. Àwọn àmì mìíràn ni pé òrí tí ẹ fi pa irun láàárọ̀ ṣì wà lórí irun lálẹ́ bí ẹ ṣe fi í sí, awọ orí ń yún yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò yé fi òróró pa á, irun tó máa ń ká fúnra rẹ̀ kò sì ká mọ́, ó kàn wúwo, ó sì le gbagidi.

Ẹ fi sọ́kàn ṣá pé irun àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, tí kì í tètè gba omi. Bí ẹ bá fọ irun mọ́ tónítóní tí omi ṣì ń yí kúrò lórí rẹ̀, a ò lè dá ìdọ̀tí lẹ́bi mọ́. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti sùúrù ni irú irun bẹ́ẹ̀ nílò, kò nílò ọṣẹ lórí ọṣẹ.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Omi ẹ̀rọ ìjọba kì í dé gbogbo àdúgbò Ìlọrin, kànga àti bòhóòlù ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo. Omi tó bá ti inú ilẹ̀ àti àárín àpáta jáde máa ń kó kálísíọ́mù àti magnẹ́síọ́mù dání, ìwọ̀n rẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ láti kànga kan sí èkejì, kódà nínú àdúgbò kan náà. Nígbà tí ọṣẹ tí a fi epo àti omi eérú sè bá pàdé kálísíọ́mù yìí, àwọn méjèèjì á para pọ̀ di ohun funfun kan tí kì í yọ́ nínú omi. Òun ni ẹ máa ń rí tó yí ẹ̀gbẹ́ abọ́ ìfọṣọ ká lẹ́yìn tí ẹ bá da omi rẹ̀ nù. Ara irun náà ló ń lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fi ọṣẹ dúdú àti irú omi bẹ́ẹ̀ fọ irun á rò pé òun kò tíì fọ̀ ọ́ dáadáa, á tún bu ọṣẹ sí i, ohun tó fẹ́ kó kúrò á sì máa pọ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ lè gbà mọ irú omi tí ẹ ní kò le. Ẹ bu omi náà sínú ìgò tó mọ́ dé ìdajì, ẹ gé ọṣẹ dúdú tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ sí i, ẹ dé ìgò náà, kí ẹ sì mì í dáadáa. Bí ó bá hó dáadáa, tí ìhó náà sì dúró, omi náà dára fún irun. Bí ìhó rẹ̀ kò bá tó nǹkan, tí omi náà rú, tí ohun funfun sì ń léfòó lórí rẹ̀, omi líle nìyẹn.

Ẹni tí omi rẹ̀ bá le kò gbọdọ̀ ba ọkàn jẹ́. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, omi òjò wà, kò sì sí omi tó rọ irun lọ́rùn tó o. Ẹ kàn jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ orí páànù fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó gbé korobá sábẹ́ rẹ̀, nítorí eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lè se omi kànga títí yóò fi hó, kí ẹ jẹ́ kó tutù kó sì tòrò, lẹ́yìn náà kí ẹ rọra da èyí tó wà lókè sínú nǹkan mìíràn. Apá kan nínú kálísíọ́mù náà á ti dì sí ìsàlẹ̀, òun náà ni funfun tí ẹ máa ń rí nínú ìkòkò tí ẹ fi ń se omi. Sísè kò lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò, nítorí náà bí omi yín bá le púpọ̀, ẹ fi omi kànga fọ irun, kí ẹ sì tọ́jú omi ọ̀rá méjì tàbí mẹ́ta fún ìṣan ìkẹyìn. Ó lè dà bí ìnáwó, ṣùgbọ́n kò wọ́n tó ìpara kan tí kò ní ṣiṣẹ́.

Ọṣẹ dúdú tàbí ṣámpù?

Mi ò bá ọṣẹ dúdú jà. Èyí tó dára wà ní Ọjà Ọba, ó sì ń kó ọ̀rá dànù dáadáa. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni pé omi eérú tí wọ́n fi sè é ń jẹ́ kí pH rẹ̀ (ìwọ̀n kíkan nǹkan; bí iye rẹ̀ bá ga, nǹkan náà kò kan) wà ní nǹkan bí 9 sí 10, nígbà tí ti awọ orí jẹ́ nǹkan bí 5.5. Bí irun bá wọ inú ohun tó le bẹ́ẹ̀, àwọn ìpẹ́ kéékèèké tó bo ara fọ́nrán kọ̀ọ̀kan á ṣí sókè, irun á hun ara rẹ̀, á sì máa kọ́ òòyà. Nítorí náà, bí omi yín bá dára, ẹ lè lo ọṣẹ dúdú, kí ẹ sì fi omi fínígà ṣan irun lẹ́yìn rẹ̀, bí n ó ṣe ṣàlàyé níwájú. Ẹ má fi ìṣù ọṣẹ họ orí. Ẹ gé ìwọ̀n àtàǹpàkò kan sínú omi gbígbóná tó tó ìdajì lítà láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìfọ̀, kí ẹ sì fi aṣọ tín-ín-rín sẹ́ ẹ láàárọ̀, kí èérún eérú má bàa ha awọ orí.

Bí omi yín bá le, ṣámpù ni kí ẹ lò, nítorí pé àwọn èròjà inú rẹ̀ kì í bá kálísíọ́mù di funfun bí ti ọṣẹ. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ “clarifying” sí lára. Ní ẹ̀yìn ìgò rẹ̀, Sodium Laureth Sulfate ni ó ń kó ọ̀rá, Cocamidopropyl Betaine ń dín líle rẹ̀ kù, Disodium EDTA tàbí Tetrasodium EDTA sì ń di kálísíọ́mù mú kí omi lè gbé e lọ. Bí ẹ bá rí Dimethicone lára ìpara tàbí kọndíṣọ́nà tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ mọ̀ pé omi nìkan kò lè kó o kúrò. Bákan náà ni Vaseline.

Ẹ má lo sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì. Ẹ má lo ọṣẹ ìfọṣọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi fọ orí nítorí èépá: bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ bá wà lára awọ tí oòrùn sì pa á, awọ náà lè jó kó sì lé roro, oòrùn Ìlọrin kò sì ní ojú àánú.

Títú irun, kí omi tó kàn án

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ irun ti ń já, tí a ó sì máa dá ọṣẹ lẹ́bi. Bí irun bá ti wà ní dídì pẹ̀lú àtáṣímẹ́ǹtì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdọ̀tí tó jẹ́ àwọ̀ eérú máa ń yí ìdí ìdì kọ̀ọ̀kan ká, ní ibi tí irun ti hù jáde díẹ̀ kúrò lára awọ orí. Eruku ni, àti òwú híjáàbù tàbí fìlà, àti òróró, àti irun tó ti re ṣùgbọ́n tí kò rí ibi já bọ́ sí. Bí omi bá kan ìdọ̀tí yìí kí ẹ tó tú u, á dì pọ̀ mọ́ irun, kò sì sí òòyà tó máa tú u láìfa irun já.

Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ gé àtáṣímẹ́ǹtì náà níbi tó jìnnà sí ṣóńṣó irun yín, kí ẹ sì fi ọwọ́ tú ìdì kọ̀ọ̀kan títí dé òkè. Bí ẹ bá ti dé ibi ìdọ̀tí yẹn, ẹ fi òróró tàbí kọndíṣọ́nà díẹ̀ tọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìka méjì ya irun náà sí ọ̀tún àti òsì, kí ẹ má fà á sísàlẹ̀. Ìdọ̀tí náà á fọ́, ẹ ó sì fi ìrù òòyà onírù fà á jáde. Nígbà náà ni ẹ lè fi òòyà eléyín gbàgbàdà ya irun náà, láti ṣóńṣó lọ sókè. Irun kíkó tí a fi òwú ṣe kì í kó ìdọ̀tí tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí rẹ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni ẹ ti fẹ́ fọ irun, ẹ sọ fún onídìrí kí ó tó gbé omi: “Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fọwọ́ tú ìdí rẹ̀ tán ná.” Onídìrí tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí i.

Irun tó máa jáde lọ́jọ́ náà lè dẹ́rù bani. Orí ènìyàn máa ń re irun bíi 50 sí 100 lójúmọ́, nítorí náà ẹni tó di irun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kó irun bíi 2,100 sí 4,200 tó ti re pamọ́ sínú ìdì. Ẹ mú fọ́nrán mélòó kan wò: èyí tó re fúnra rẹ̀ máa ń ní kókó funfun kékeré ní ìpẹ̀kun kan. Èyí tó kúrú, tí kò sì ní kókó níbì kankan, irun tó já ni. Bí irú rẹ̀ bá pọ̀, ọwọ́ tí ẹ fi ń tú u ti le jù.

Lẹ́yìn títú, ẹ fi òróró àgbọn pa fọ́nrán irun láti àárín dé ṣóńṣó, kí ẹ má fi kan awọ orí, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí di ọjọ́ kejì. Ó lè dà bí ohun tí kò bọ́gbọ́n mu pé ká fi òróró sí irun tí a fẹ́ kó òróró kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n òróró àgbọn máa ń wọ inú fọ́nrán irun lọ, kì í kàn dúró sí ìta, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003 sì fi hàn pé ó ń dín èròjà purotéènì tí irun ń pàdánù nígbà ìfọ̀ kù, nígbà tí òróró sunflower àti èyí tí wọ́n ń mú jáde láti inú epo rọ̀bì kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìfọ̀ náà gan-an

Ẹ pín irun sí ọ̀nà mẹ́rin, tàbí mẹ́fà bí ó bá pọ̀, kí ẹ sì lọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lílọ́ tó dẹ̀. Ẹ má kó gbogbo irun jọ sórí kí ẹ máa fi ọwọ́ méjèèjì rà á bí aṣọ. Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rin ín títí yóò fi rin dé ìdí; irun tó pọ̀ lè gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ẹ má kánjú níbẹ̀.

Ìfọ̀ àkọ́kọ́, ti awọ orí ni. Ẹ tú ọ̀nà kan, ẹ da ṣámpù tàbí omi ọṣẹ dúdú sí ìdí irun, kí ẹ sì fi orí ìka ra awọ orí, kì í ṣe èékánná. Ẹ ṣe iwájú orí, ẹ̀yìn etí àti ìpàkọ́ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni òógùn àti ìdọ̀tí máa ń pọ̀ sí lábẹ́ ìborí. Ẹ lè rí i pé ọṣẹ náà kò hó nígbà àkọ́kọ́ yìí. Ọ̀rá ló ń dá a dúró. Ẹ ṣan án, kí ẹ lọ́ ọ̀nà náà padà, kí ẹ sì bọ́ sí èyí tó kàn.

Ìfọ̀ kejì á hó. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí ìhó náà ṣàn láti òkè wá sórí fọ́nrán irun, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ rọra fún un láti òkè sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ṣan án, kí ẹ tún un ṣan, títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́ tí ọwọ́ kò sì ní gbọ́ yíyọ̀ kankan mọ́. Àwọn kan gbà pé irun kò tíì mọ́ àfi tó bá ń dún lábẹ́ ìka. Irun tó bá ti ń dún bẹ́ẹ̀ ti pàdánù ọ̀rá tirẹ̀ náà. Ìfọ̀ méjì tó. Ẹ̀kẹta, àfi bí jẹ́lì bá ti dì mọ́ irun fún ìgbà pípẹ́.

Bí ọṣẹ dúdú ni ẹ lò, tàbí bí omi yín bá le, ẹ da fínígà ṣíbí ìjẹun kan pọ̀ mọ́ omi ọ̀rá kan, èyí tó máa ń tó nǹkan bí ìdajì lítà, kí ẹ dà á sórí irun, kí ẹ kà á sí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ sì ṣan án kúrò. Kíkan inú rẹ̀ á pa ìpẹ́ irun dé, á sì tú funfun tí omi líle fi sílẹ̀. Ẹ má da fínígà lásán sórí láì bù omi là á, ẹ má sì lò ó bí egbò bá wà lórí.

Kọndíṣọ́nà kò ṣeé fò lẹ́yìn irú ìfọ̀ yìí. Ẹ bù ú dáadáa sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láti ṣóńṣó, ẹ kọ́kọ́ fi ìka tú irun, kí òòyà eléyín gbàgbàdà tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi ọ̀rá láílọ́ọ̀nù wé orí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún, kí ẹ sì fi omi tí ẹ tọ́jú sílẹ̀ fún ìṣan ìkẹyìn ṣan án.

Gbígbẹ irun àti òrí

Ẹ fi ṣíńgílẹ́ẹ̀tì òwú tó ti gbó tẹ omi kúrò lára irun. Táwẹ́ẹ̀lì máa ń fà á ní híhá. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i kí ẹ tó borí. Irun tútù tí a fi híjáàbù tàbí gèlè bò látàárọ̀ dalẹ́ máa ń rùn, awọ orí á sì di ibi tí olú kéékèèké ti ń gbilẹ̀, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ kò ní jáde ni kí ẹ yàn fún ìfọ̀ yìí, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ ìnáwó. Ẹni tí ìwẹ̀ ọ̀ranyàn bá sì kàn nígbà tí irun rẹ̀ wà ní dídì, kí ó béèrè lọ́wọ́ aláfàá; ìmọ́tótó irun nìkan ni mo ń sọ níbí.

Nígbà tí irun ṣì ní ọ̀rinrin díẹ̀ ni òrí wúlò jù, nítorí pé òrí kì í fún irun ní omi. Ó kàn ń dá omi tó wà níbẹ̀ dúró ni. Òrí pọ̀ ní Kwara tiwa, láti apá Káíámà, kò sì sí ìdí láti ná owó púpọ̀ sórí ti òkèèrè. Láàárọ̀ ọyẹ́, òrí máa ń dì gan-an, ìyẹn ló sì ń mú kí a máa bù ú ní ṣùkùṣùkù. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yọ́ èyí tó tó hóró ẹ̀pà méjì, ìyẹn tó fún ọ̀nà kan. Bí ẹ bá ní èépá, ẹ má fi òrí tàbí òróró kankan pa awọ orí: ọ̀rá ni Malassezia, olú tó ń dá kún èépá, fi ń ṣe oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ẹ di irun ní ìdì ńláńlá tó dẹ̀, kí ẹ sì fọ òòyà, fìlà abẹ́ híjáàbù àti aṣọ ìrọ̀rí lọ́jọ́ yẹn kan náà.

Bí orí ọmọ bá ní ojú ibi róbótó tí irun ti já, tí ó ń pẹ́, tí ó sì ń yún un, làpálàpá ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Ìfọ̀ kò lè wo ó, fífá orí náà kò sì lè wo ó. Oògùn tí ọmọ máa gbé mì, bíi griseofulvin tàbí terbinafine, ni dókítà máa ń kọ fún un, ẹ má sì jẹ́ kí òòyà rẹ̀ kan orí ọmọ mìíràn.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ tún un ṣe

Ẹni tó ń lo jẹ́lì àti ìpara lójoojúmọ́ lè fọ irun dénú lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹni tí kò lò ju òrí díẹ̀ lọ lè dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú irun dídì ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é. Láàárín ìfọ̀ dénú méjì, ẹ fi ṣámpù tí kò le fọ irun lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, èyí ni American Academy of Dermatology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà, náà gba àwọn tó ní irun bíi tiwa nímọ̀ràn. Bí ẹ bá fẹ́ fi rẹ́láásà sí irun, ẹ má fọ̀ ọ́ dénú ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú rẹ̀, kí awọ orí má bàa jó. Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ bá mú, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún àlàfo tí ẹ ti ń fi sílẹ̀, kí ẹ sì wé irun dáadáa kí ẹ tó gun ọ̀kadà, nítorí eruku ojú ọ̀nà nìkan tó láti ba iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ́.